Ológbò Tí Wọ́n Ń Kí Ní "Ẹ Kú Ìjókòó"

Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ ti jẹun ọ̀sán yó, tí ẹ wá fẹ̀yìn ti igi odán yìí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ dìde, ẹ kàn fi ìdí wọ́ wá, nítorí ìtàn ìdí ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí. Mo ti sọ ti ẹfọ̀n fún yín rí. Mo ti sọ ti ẹkùn. Mo ti sọ ti erè tó gbé mi mì, tí mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ fèrèsé sí ìhà rẹ̀, tí mo sì yọjú síta kí èrò ọjà. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó dìde kó wá fọwọ́ kan àpá èjìká mi. Ẹnikẹ́ni ò dìde? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ti òní ju gbogbo ìyẹn lọ, nítorí pé ológbò ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹran tó bá ń sá, ọdẹ mọ ohun tí yóò fi ṣe é. Èyí tó jókòó tó ń wo ọdẹ lójú kòrókòró, iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀.

Ọdẹ́gbèmí ni ọdẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ará Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ ni. Ọkùnrin náà ti pa erin rí, ó ti bá ìkookò du ẹran, kò sì sí ẹni tó rí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú ìjà. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Àwọn méjèèjì kò bímọ, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró fẹ́ràn ológbò. Èyí tó kọ́kọ́ ní bá adẹ́mu lọ, kò padà. Èkejì jẹ eku tó ti jẹ májèlé. Ẹ̀kẹta, àṣá ló gbé e. Nígbà tí wọ́n wá fún un ní ẹ̀kẹrin, ọmọ kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, Àwẹ̀ró ní òun kò ní fi ojú lásán wò ó mọ́, òun yóò ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe àbíkú. Ẹ mọ bí a ti í sọ àbíkú lórúkọ: a máa ń bẹ̀ ẹ́, a máa ń bú u, a máa ń ní kó dúró. Àwẹ̀ró wo inú ilé yíká, kò rí ọmọ tí yóò sin òun. Ó gbé ológbò náà sí itan, ó ní, "Dúrósinmí ni orúkọ rẹ. Dúró kí o sin mí. Má ṣe bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ológbò náà sì dúró. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi jẹ́ pé eku kan kò tó bẹ́ẹ̀ kó fi imú kan ẹnu ọ̀nà wọn. Nígbà tí Àwẹ̀ró kú, ó tẹ̀lé òkú dé etí sàréè, ó wà lórí erùpẹ̀ tútù náà fún ọjọ́ mẹ́ta, kò jẹ, kò mu, títí Ọdẹ́gbèmí fi lọ bá a níbẹ̀, tó fi ohùn tó ti há pè é lórúkọ, tó sì gbé e wálé.

Láti ọjọ́ náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ológbò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, kò dìde mọ́. Ọdẹ́gbèmí kò sì fẹ́ kí ebi pa ohun kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró fi sílẹ̀. Bó bá pa ẹtu, ẹ̀dọ̀ ẹtu ti ológbò ni. Bó bá pa òkété, ọ̀rá òkété ti ológbò ni, yóò sì gbé e sí i lẹ́nu níbi tó jókòó sí. Kí ọdún tó yípo, ológbò ti rí rìbìtì bí ìkòkò aró, ikùn rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun tó dànù, ọrùn rẹ̀ ti wọnú èjìká lọ. Bó bá mí, ẹ ó rò pé ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ló ń fẹ́.

Àwọn eku gbọ́. Wọ́n padà wá, wọ́n ń jẹ nínú àwo rẹ̀ lójúmọmọ. Àwọn aládùúgbò ní àwọn fi etí ara àwọn gbọ́ ọ tí eku àgbà kan ń kí i kó tó bu ẹran jẹ, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o, bàbá." Ọ̀rọ̀ náà di àwàdà gbogbo ìlú. Ìyá Lápàdé, ìyàwó ilé tí ògiri kan ṣoṣo pààlà rẹ̀ pẹ̀lú ilé Ọdẹ́gbèmí, a na ọrùn wọ àgbàlá rẹ̀ láràárọ̀.

"Ọkọ mi, tìmùtìmù yín tó ní ìrù ńkọ́? Ṣé ó jíire?"

"Ó jíire. Ó ní kí n bá òun kí ẹnu rẹ."

"Ẹ pa á kó tó kú sí yín lọ́rùn. Ọ̀rá rẹ̀ á dín àkàrà ọdún mẹ́ta."

"Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kó kọ́kọ́ jẹ ìbọn mi."

Kì í ṣe pé ọkùnrin náà kò gbìyànjú. Ó so ìyẹ́ ẹtù mọ́ okùn, ó ń fà á síwá sẹ́yìn níwájú ológbò bí ọmọdé tó ń ṣeré. Ológbò wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó yán. Ó so ẹja gbígbẹ mọ́ okùn náà, ó sì ń sáré yípo àgbàlá títí òógùn fi bò ó. Ológbò jókòó, ó dúró de ìgbà tí okùn yóò já. Ó gbé oúnjẹ rẹ̀ sórí àjà, pé yóò gùn ún. Ológbò sùn sábẹ́ àjà fún ọjọ́ méjì, àwọn eku tó ń jìjàdù lókè ni wọ́n ti oúnjẹ náà bọ́ sí i lẹ́nu. Nígbà náà ni Ọdẹ́gbèmí a dúró tì í, a na ọwọ́ sókè, a ké pé, "Dúrósinmi! Dúrósinmi, dìde!" Ohun tó ń yani lẹ́nu ni pé bí ológbò náà bá tilẹ̀ ti na ẹsẹ̀ kan bí ẹni fẹ́ dìde, bó bá ti gbọ́ ìpè yẹn, ṣe ni yóò ká ẹsẹ̀ náà padà. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò, a ó mú un jáde tó bá yá.

Ìyá arúgbó kan wà ní ìlú náà tó ń tọ́jú ewúrẹ́ àti ajá tí ara wọn kò bá yá. Ìyá Adúlójú ni wọ́n ń pè é. Ọdẹ́gbèmí gbé ológbò lọ bá a. Ìyá gbé etí lé ìhà ẹran náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Ọdẹ́gbèmí, ọkàn ẹran yìí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀rá, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́. Àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn yìí, kó tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ọkàn náà á ti rì."

"Ìyá, ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe. Ẹ má sọ ohun tí mo máa sin."

Ìyá Adúlójú gbé ológbò padà fún un. "Omi kan wà ní ìlú Àìjókòó, lẹ́yìn odò Àrọ̀. Bó bá mu ún, ó yè. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi wọ ẹnubodè ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbé wá, wọn kì í ṣílẹ̀kùn fún un."

Ọdẹ́gbèmí wo ológbò. Ológbò wo ògiri.

"Èmi tí mo ti pa erin," ni Ọdẹ́gbèmí wí, "ìjókòó lásán kò ní pa ológbò mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó di ẹran gbígbẹ sápò, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó sì fi ọ̀já Àwẹ̀ró pọn ológbò sẹ́yìn bí ọmọ. Gbogbo ìlú jáde wá wòran. Ìyá Lápàdé ni kò lè mú un mọ́ra.

"Ọkọ mi, ọmọ náà jọ yín o."

"Ó jọ mí," ni Ọdẹ́gbèmí dáhùn, kò wẹ̀yìn. "Òun náà kì í gba ìmọ̀ràn ẹlẹ́nu gígùn."

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà dá yín dúró. Wọ́n lọ títí wọ́n fi dé odò Àrọ̀, níbi tí ayé ènìyàn parí sí. Ẹ̀yin kò tí ì dé ibẹ̀. Èmi ti wẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọṣẹ mi ṣì wà lórí òkúta níbẹ̀. Ẹranko tó bá kọjá odò náà, ahọ́n rẹ̀ á tú. Bí Ọdẹ́gbèmí ṣe yọ ẹsẹ̀ kejì nínú omi, ohùn kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ó nípọn bí epo tó dì.

"Rọra máa rìn. Ò ń mì mí."

Ọdẹ́gbèmí dúró gbọin. "Ọdún mẹ́wàá tí a ti jọ ń gbé. Ohun tó o máa kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn?"

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Ṣé èmi ni mo ní ká jáde?"

"Mo fẹ́ kí o sọ̀kalẹ̀ kí o rìn."

"Mo gbọ́. Ọ̀já yìí dùn ún jókòó sí. Máa lọ."

Àwọn àgbà kò kúkú purọ́, ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Wọn kò tí ì rìn tó ibi tí mo jókòó sí yìí sí ìdí kànga nígbà tí igbó ṣú mọ́ wọn lórí, tí iwin kan sì là á jáde. Ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló ní, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí òṣùká. Òkìtì ọ̀gán wà lórí náà, ilé kan wà lórí òkìtì ọ̀gán, èéfín sì ń jáde láti inú ilé náà nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ ń dáná lọ́wọ́.

"Èmi ni Arùmásọ̀," ni iwin wí, "èmi ni mo ni Igbó Ẹlẹ́rù. Kí lo gbé?"

"Ológbò."

"Ológbò wo ló tó báyìí? Òbúkọ lo jí."

"Ta ni òbúkọ?" ni ológbò béèrè láti inú ọ̀já.

Iwin rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń dáná lórí rẹ̀ sì pariwo pé kó má da ọbẹ̀ àwọn nù. Ó ní, "Ẹ gbọ́ òfin mi. Igi àràbà méje ló wà lójú ọ̀nà yìí. Ìgbàkígbà tí o bá kọjá ọ̀kan, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ á wúwo ní ìlọ́po méjì. Bí ìwọ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó di tèmi, orí mi ló ń gbé títí ayé. Bí òun bá sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó di òmìnira."

"Èmi kì í sọ ẹrù mi kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni," ni Ọdẹ́gbèmí wí, ó sì kọjá àràbà àkọ́kọ́.

Ológbò di òbúkọ lóòótọ́. Ní àràbà kejì ó di ọmọ màlúù. Ní ẹ̀kẹta, eegun ẹ̀yìn Ọdẹ́gbèmí bẹ̀rẹ̀ sí í ró bí igi gbígbẹ tí wọ́n ń ṣẹ́ sínú iná. Ní ẹ̀kẹrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọlẹ̀ dé orúnkún. Arùmásọ̀ ń tẹ̀ lé e, ó ti na ọwọ́ méjì sílẹ̀ láti gba ẹrù.

"Sọ̀ mí," ni ológbò wí.

"Mi ò sọ̀."

"Ẹ̀yìn rẹ máa kán."

"Ṣé ẹ̀yìn tìẹ ni?"

"Orí kunkun rẹ ti pọ̀ jù."

"Ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀."

Ní àràbà kẹfà, ọdẹ tó pa erin ti ń fi àyà fà. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀, ó ń kán sórí ọ̀já Àwẹ̀ró, tó-tó-tó. Ológbò gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ náà. Ó wo ọ̀já. Aṣọ tí wọ́n fi gbé òun wọlé nígbà tí òun kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni. Ó yọ èékánná tí kò yọ láti ọdún kan, ó fà á kọjá ní ìdí kókó, ọ̀já tú, ó sì já sílẹ̀ gbì, tó fi jẹ́ pé ìkòkò ọbẹ̀ dànù lórí iwin.

Arùmásọ̀ fò mọ́ ọn. "Ó ti sọ̀ ọ́. Tèmi ni."

"Purọ́ kí o níyì," ni ológbò wí, àárẹ̀ ti mú un láti inú ọ̀rọ̀ yẹn nìkan. "Èmi ni mo sọ̀kalẹ̀. Ìwọ ọdẹ náà, má yọ̀. Kì í ṣe nítorí tìẹ. Ọ̀já ló ń há mi."

Ó sì rìn. Ẹsẹ̀ mọ́kànlélógójì ló wà láàárín àràbà kẹfà àti ìkeje, Ọdẹ́gbèmí ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìdọ̀bálẹ̀ níbi tó wà. Bí ológbò ṣe kọjá àràbà ìkeje, ló bá wó lulẹ̀, ahọ́n rẹ̀ jáde. Ọdẹ́gbèmí rẹ́rìn-ín títí ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀ fi dá. Mo mọ ọdẹ kan tó pa ẹfọ̀n mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò yọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí ni ọdẹ náà.

Láti ibẹ̀ lọ, Ọdẹ́gbèmí kò gbé e mọ́, kò sì gbé oúnjẹ sí i lẹ́nu mọ́. Yóò lọ síwájú, yóò fi ẹran gbígbẹ bí ìka ọwọ́ kan sórí kùkùté, yóò fi òmíràn sórí ẹ̀ka igi, yóò fi òmíràn pamọ́ sábẹ́ ewé. Ológbò á bú u kó tó dé ibẹ̀, á bú u bó bá ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, á sì tún bú u pé ó kéré. Ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ní ọjọ́ kẹrin ó gun òkúta kan tó ga tó àga, ó wo ìsàlẹ̀ bí ọba, ó ní òun kò rò pé òun lè sọ̀kalẹ̀ mọ́ láé, ẹ̀rù ń ba òun.

Wàhálà tó ju ti iwin lọ ni ìlú Ìfìdíkalẹ̀. Ibẹ̀ tutù, òórùn ẹja yíyan gba gbogbo rẹ̀. Àwọn ará ìlú jókòó nílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sí ẹni tó dìde kí àlejò. Ọdẹ́gbèmí tẹjú mọ́ wọn dáadáa, ó sì rí i pé wọn kò lè dìde: gbòǹgbò ti yọ láti ìdí wọn wọ inú ilẹ̀. Àwọn eku ńláńlá ni wọ́n ń gbé àwo oúnjẹ kiri fún wọn. Ọba wọn, Ajókòógbó, jókòó láàárín, gbòǹgbò tirẹ̀ nípọn bí ti ìrókò.

Ọba wo ológbò, omijé ayọ̀ sì bọ́ lójú rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti wà níhìn-ín, n kò rí àlejò tí Ọlọ́run dá ìdí fún báyìí rí. Wá jókòó tì mí, mo fi ọ́ jẹ Ọ̀tún Ìdí ìlú yìí. Kò sí iṣẹ́ nínú oyè náà. Àlọ́ kan péré ni mo máa ń pa fún ìjòyè mi, n kò sì bìkítà bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n: kí ló ń jẹun, tí oúnjẹ rẹ̀ ń jẹ ẹ́?"

"Màá rò ó," ni ológbò wí, ó sì jókòó. Wọ́n gbé ẹja méje síwájú rẹ̀.

"Dìde, jẹ́ ká lọ," ni Ọdẹ́gbèmí wí. "Dúrósinmi! Mo ní kó o dìde."

Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká wọlé. Nígbà tó di ọ̀sán, Ọdẹ́gbèmí rí òwú funfun tín-ín-rín tó ń jáde lábẹ́ ìrù ológbò, tó ń wá ilẹ̀. Ó yọ ọ̀bẹ, ó gé e. Ó tún hù. Ó gé e títí apá fi rọ̀ ọ́. Àwọn eku gbé àpótí wá fún un, wọ́n ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ jókòó kí ẹ sinmi." Ó fi ẹsẹ̀ gbá àpótí náà dànù.

"Bí o bá fẹ́, fìdí kalẹ̀," ló sọ fún ológbò. "Èmi á dúró tì ọ́ lórí ìnàró. Èmi náà lè ya olóríkunkun. Orí ìnàró yìí ni màá kú sí, kí gbogbo wọn rí i pé ẹnì kan kò jókòó níhìn-ín."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dúró. Ológbò ń wò ó láti igun ojú, ẹja náà kò sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu bó ti yẹ. Ní ọjọ́ kẹta, eku kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun wá, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o, bàbá." Ó mú ẹja kan nínú àwo ológbò, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì fa ìrù ológbò, ó fi nu ẹnu.

Ológbò fa ìrù rẹ̀ gbà. Ó yí ojú sọ́dọ̀ ọba. Eku kan wà ní èjìká Kábíyèsí, ó ń jẹ nǹkan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọba sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kábíyèsí, etí yín ńkọ́?"

"Èwo níbẹ̀? Méjì ni mo ní tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan tó fún ìjókòó."

"Mo ti mọ àlọ́ yín," ni ológbò wí. "Ológbò tó jókòó ni." Ó wá yíjú sí eku onírùngbọ̀n. "Ìwọ, ìrù mi kì í ṣe aṣọ ìnujú."

Ó dìde. Gbòǹgbò já lára rẹ̀ bí aṣọ tó ń ya, irun ìdí rẹ̀ sì bá a lọ. Ó gbá eku náà ní ìgbátí kan tó gbé e kọ́ orí adé ọba. Kí ló kù? Gbogbo eku ìlú náà dà lé wọn lórí bí àgbàdo tó tú lápò. Ọdẹ́gbèmí ní òun yóò gbé ológbò sá, ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ilẹ̀ ti ṣófo. Ológbò ti wà níwájú. Ó ń sáré. Ikùn rẹ̀ ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, ó ń gbá a nítan, kò dúró títí wọ́n fi gun òkè méjì tí wọ́n sì já sí iwájú ẹnubodè Àìjókòó.

Ẹ wo ìlú bí ẹ bá fẹ́ rí ìlú. Wọ́n ń dáná lórí ìnàró, wọ́n ń dìrun lórí ìnàró, àwọn ọmọ ọwọ́ ń sùn lórí ìnàró bí ẹṣin. Obìnrin kan ló ń ṣọ́ ẹnubodè, ó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró, ó ru ìkòkò omi, kò sì kán tó sílẹ̀.

"Ta ló ń bọ̀?"

"Èmi Ọdẹ́gbèmí ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ ni," ni ọdẹ dáhùn. "Èmi àti Dúrósinmi."

Ológbò tó ti gun òkè méjì jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, omi kò kán.

"Ọdẹ, ìwọ gan-an lo so ó mọ́lẹ̀. O ní kó dúró, o ní kó sinmi, o tún wá ń fi ẹran tàn án pé kó rìn. Àṣẹ wo ni kó tẹ̀ lé?"

"Orúkọ rẹ̀ ni mo pè."

"Ta ló sọ ọ́ lórúkọ?"

"Ìyàwó mi."

"Pè é bí ìyàwó rẹ ṣe ń pè é."

Ọdẹ́gbèmí la ẹnu. Ó ní, "Dúró," ó sì dákẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó erùpẹ̀ lé Àwẹ̀ró, kò tí ì gbé ìparí orúkọ yẹn sókè lẹ́ẹ̀kan. Sin mí. Bó bá ti dé ibẹ̀, ohùn rẹ̀ á já wálẹ̀, orúkọ tí obìnrin fi bẹ ológbò pé kó sin òun á sì di àṣẹ pé kó lọ sinmi. Ẹ mú ohun tí mo ní kí ẹ fi sápò jáde o. Ohùn kan ṣoṣo ni. Ní èdè tiwa, ohùn kan tó já wálẹ̀ tó láti so ẹran mọ́lẹ̀ fún ọdún kan.

Ó tún la ẹnu. "Dúró sin mí," ló wí. "Dúrósinmí."

Etí ológbò méjèèjì dìde.

"Bó ṣe ń pè mí nìyẹn," ni ológbò wí, kò ṣàwàdà mọ́. "Mo dúró. Mo sin ín. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣọ́ erùpẹ̀ rẹ̀ kí ìkookò má baà tú u. Ìwọ lo wá bá mi níbẹ̀, o ní, dúró, sinmi. Mo rò pé oore lo ṣe fún mi, pé o rí i pé iṣẹ́ ti parí. Mo sì sinmi. Ojoojúmọ́ lo tún ń ké e sí mi létí pé kí n sinmi, tí o ń gbé ẹ̀dọ̀ ẹtu lé e."

Ọdẹ́gbèmí kò sunkún. Eruku ló wọ̀ ọ́ lójú. Ọdẹ ni mí, mo mọ irú eruku náà.

"Ó dáa," ló wí. "Padà jẹ́ Dúrósinmí. Dúró kí o sin èmi náà. N kò ní ẹlòmíràn."

"Rárá."

"Kí lo wí?"

"Mo ní rárá. Mi ò sin ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo ní, kì í ṣe ọkọ́ mẹ́rin. Bí o bá fẹ́ kú, ọ̀nà ibẹ̀ wà. Bí o bá fẹ́ rìn, dìde kí a rìn. Ṣùgbọ́n má fi ikú rẹ pè mí wá jẹun láràárọ̀."

Ọdẹ́gbèmí wo ẹran tí kò bẹ̀rù iwin, tí kò bẹ̀rù ọba, tí kò sì ní bẹ̀rù òun. Àwẹ̀ró gan-an ló ń rí. Bó ṣe máa ń da ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu nìyẹn.

"Bámirìn," ló wí nígbẹ̀yìn. "Bámirìn ni orúkọ rẹ."

Ológbò tọ́ orúkọ náà wò lẹ́nu. "Kò burú. Ṣùgbọ́n kí ó yé wa pé ìwọ lò ń bá mi rìn." Ó dìde, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tirẹ̀ wọ ẹnubodè, obìnrin náà sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀.

Omi tí wọ́n wá mu wà ní ìkángun ìlú, ìlú náà gùn tó ìrìn ọjọ́ méje, kò sì sí àpótí kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ọrùn ológbò ti jáde, ìhà rẹ̀ ti yọ, èémí rẹ̀ ń lọ jẹ́ẹ́. Bámirìn lá omi náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní omi lásán ni. Ọdẹ́gbèmí náà tọ́ ọ wò. Omi lásán ni lóòótọ́. Ó wá ronú kan Ìyá Adúlójú, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Nígbà tí wọ́n padà dé etí odò Àrọ̀, Ọdẹ́gbèmí dúró. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá kọjá, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. "Ṣé ohun kan wà tó o fẹ́ sọ fún mi?"

Bámirìn rò ó. "Ẹ̀dọ̀ ẹtu yẹn," ló wí, "dín in kù." Ó sì fò ó kọjá láti òkúta sí òkúta.

Àgbàdo ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ní gbogbo oko Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé. Ìyá Lápàdé ló kọ́kọ́ rí ọdẹ lókèèrè, kò rí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fa ojú ro.

"Ọkọ mi, ẹ kú àfẹ́kù o. Níbo lẹ sin ín sí?"

Nǹkan kan fò kọjá lórí gèlè rẹ̀, ó gun ògiri, ó wò ó láti òkè, ó sì bọ́ sínú àgbàlá.

Àwọn eku wà nídìí àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, wọ́n ń jẹ èyí tó kù nílé. Àgbà wọn gbọ́ ìró, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o, bàbá."

Ìhín odò la ti wà, kò sí ènìyàn tó gbọ́ ohun tí Bámirìn fi dáhùn. Àwọn eku ló gbọ́ ọ, wọ́n sì ní ohun tó sọ ni pé, "Ta ló jókòó?"

Ọdẹ́gbèmí ló sọ ìtàn yìí fún Ìyá Adúlójú, níbi tó ti ń bá a jà pé ó tan òun. Ìyá Adúlójú sọ ọ́ fún Àjíún ọmọ rẹ̀, Àjíún tó bí mi sì sọ ọ́ fún mi lójú ọ̀nà oko, lórí ìrìn, nítorí ó ní ìtàn náà kò ṣeé jókòó sọ. Èmi ni mo jókòó sọ ọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n dìde.